Iye tí a tà kọ́ ni èrè

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa ló gbà pé ìwé ìṣirò ló ń tú àṣírí àwọn fún agbowó-orí. Irọ́ ni. Ìwé yẹn gan-an ló ń gbà wá lọ́wọ́ owó-orí tí kò tọ́ sí wa.

Ẹ jẹ́ ká wo ìyá kan tó ń dá ta aṣọ. Lọ́dún kan, ó ta ọjà mílíọ̀nù 6 náírà. Mílíọ̀nù 4.8 ló fi ra ọjà. Owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọkọ̀ jẹ́ 600,000. Èrè rẹ̀ kò ju 600,000 lọ. Òfin owó-orí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 kò gba kọ́bọ̀ lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú èrè ẹnì kan lọ́dún. Ṣùgbọ́n bí kò bá ní ìwé, mílíọ̀nù 6 tó gba báńkì kọjá ni wọ́n máa rí, òfin sì fún wọn láyè láti fojú díwọ̀n owó-orí rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ya owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára owó ilé. Ẹ máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sílẹ̀ lálaalẹ́, ẹ má sì ju rìsíìtì nù. Ẹnu lásán kò ṣeé fi rojọ́ níwájú agbowó-orí.