Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Ọkọ̀ Ìpín-Ìpín àti Oríkèé Rẹ̀

Ọ̀rẹ́ wa kan tí ó bẹ̀ wá wò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan bá wa ní ìjókòó lórí ẹní, tí páálí, igi ọwọ̀, gọ́ọ̀mù àti ọmọrí ìgò yí wa ká. Ó wò wá títí, ó ní, "Akọ̀wé, ṣé ó yẹ kí àgbà bíi tiyín máa ṣeré ọmọdé bàyìí?" A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbàtí ó lọ tán, a rò ó pé ìbéèrè náà tó ohun tí a lè dáhùn nínú ìwé ìròhìn yìí, nítorí baba tí ọ̀rọ̀ náà kàn pọ̀ ju àwa nìkan lọ.

Àwòṣe ọkọ̀ tí ń rin ìrìn-àjò láàárín òṣùpá àti ìràwọ̀ ni à ń ṣe. Kì í ṣe ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ti wọ̀ rí, bí kò ṣe èyí tí a fi èrò ọkàn dá. Inú eré kan tí àwọn ará Ìlú Ọba ṣe fún tẹlifíṣọ̀n ni a ti rí àwòkọ́ rẹ̀. Orúkọ eré náà ni Space: 1999, a sì fi í hàn láti 1975 títí dé 1977, ní apá 48. Brian Johnson ni ó gbèrò ọkọ̀ inú rẹ̀ tí wọ́n pè ní Eagle, èyíinì ni ẹyẹ idì. Orí ọkọ̀ náà ni àwọn awakọ̀ ń jókòó sí. Ìdí rẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń tì í lọ wà. Egungun ẹ̀yìn tí a fi ọ̀pá tín-ín-rín so pọ̀ bí àkàsọ̀ ni ó sì de orí mọ́ ìdí. Ní abẹ́ egungun yìí ni àyè wà fún ìpín kan tí a lè yọ, kí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀: lónìí kí ó jẹ́ yàrá èrò, lọ́la kí ó jẹ́ ibi ìkẹ́rù.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà eré náà ṣe àwòṣe ọkọ̀ yìí ní ìwọ̀n oríṣiríṣi; èyí tí ó tóbi jù gùn tó íǹṣì 44. Wọ́n a máa yọ ẹ̀yà wẹ́wẹ́ láti inú àwọn ọkọ̀ ìṣeré oníke tí à ń tà nínú páálí, wọ́n a sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ara iṣẹ́ wọn, nítorí nígbàtí ojú bá rí ohun wẹ́wẹ́ púpọ̀ lára nǹkan, ọkàn a gbà pé nǹkan náà tóbi. Ní ilé tiwa, ọmọrí ìgò, ìdérí bírò àti bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ni ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ibi tí a ti kọ́kọ́ ṣìnà ni pé a fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní ọjọ́ tí àbíkẹ́yìn wa fa aṣọ orí tábìlì, ọkọ̀ náà já lulẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbàtí a fẹ́ yọ ẹsẹ̀ náà, ikùn ọkọ̀ fà ya pẹ̀lú rẹ̀, ìyà ẹsẹ̀ kan sì di ìyà gbogbo ara. Ìgbà náà ni ó yé wa pé ẹni tí yóò ṣe ọkọ̀ ìpín-ìpín kò gbọdọ̀ fi ìpín ṣáájú. Oríkèé ni kí ó kọ́kọ́ rò.

Nítorínáà a gé páánù agolo mílíìkì kan ní igun mẹ́rin dọ́gba, íǹṣì 2 ní ìbú àti ní òró. A fi ìṣó lu ihò mẹ́rin sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun tirẹ̀, ní ìdajì íǹṣì sí etí. Páánù yìí ni òdiwọ̀n wa. Ìpín tí a bá ṣe, a ó gbé òdiwọ̀n lé ojú rẹ̀, a ó sì lu ihò tirẹ̀ láti inú ihò páánù. Igi ọwọ̀ tí a gé kéékèèké ni a fi ń so ìpín mọ́ ìpín, láìsí gọ́ọ̀mù. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, a ó yọ ọ́, èyí tí ó kù yóò sì dúró.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nísinsìnyí. Àkọ́bí wa ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún 16. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, ìkíni òwúrọ̀ àti ti alẹ́ nìkan ni ó wà láàárín àwa àti òun. A fẹ́ kí ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Kò sọ pé òun kò fẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fi ìwé ṣeré, a sì ti sọ ọ̀rọ̀ líle sí i lójú àwọn àbúrò rẹ̀. Ẹyin lohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, a bá ìpín kan lórí tábìlì tí kì í ṣe ọwọ́ wa ni ó ṣe é. Agolo sadíìnì ni a gé tí a sì tẹ̀ láti fi ṣe é. Ó ní fèrèsé mẹ́fà, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń ṣí. Ó dára ju tiwa lọ. A gbé e sí abẹ́ egungun, kò wọ̀. Rúlà ilé-ẹ̀kọ́ ni ọmọ náà fi wọ̀n ọ́n: ihò tirẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 1 jìnnà sí etí, tiwa sì fi sẹ̀ǹtímítà 1.27. A ti fẹ́ ké pè é pé kí ó wá tún un ṣe, nígbàtí ìyá rẹ̀ tí ń fẹ́ná gbọ́ ìkùnsínú wa. Ó wí pẹ̀lẹ́ pé, "Baba Délé, ọmọ tí kì í bá yín sọ̀rọ̀ ti bá yín sọ ọ̀kan lónìí. Ẹ má dá a padà fún un."

Ọ̀rọ̀ náà dá wa dúró. A rántí ibùdó ńlá tí ó wà ní ojú òfurufú ní tòótọ́, tí kì í ṣe ti eré. Ní 20 oṣù Kọkànlá 1998 ni wọ́n rán ìpín rẹ̀ àkọ́kọ́, Zarya, lọ láti Baikonur. Ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni a ti ṣe é. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni ọkọ̀ Endeavour ti Amẹ́ríkà gbé ìpín kejì, Unity, lọ bá a. Oríkèé ti Rọ́ṣíà àti ti Amẹ́ríkà kò bára mu. Nítorínáà wọ́n fi ìpín kúkúrú kan sí àárín, tí ojú kan rẹ̀ bá ti Rọ́ṣíà mu, tí ojú kejì sì bá ti Amẹ́ríkà mu. Báyìí ni wọ́n ṣe so pọ̀, láti 2 oṣù Kọkànlá 2000 ni ènìyàn sì ti ń gbé inú ibùdó náà láìdáwọ́ dúró.

A kò pe ọmọ náà láti bá a wí mọ́. A gé páálí líle méjì, a lu ihò tiwa sí ọ̀kan, a lu ihò tirẹ̀ sí èkejì, a sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ara pákó pẹlẹbẹ kan. Nígbàtí ó pọnmi dé, a ní, "Délé, wá wò ó bóyá yóò wọ̀." Ó wọ̀. Ó jókòó tì wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti sọ fún wa pé iṣẹ́ àwọn tí ń jó irin pọ̀ ni ọkàn òun fẹ́, pé ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí òun wí.

A kò tíì parí ọ̀rọ̀ náà. Ọkàn wa ṣì ń fà sí ẹ̀kọ́ òfin, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n a ń sọ ọ́, ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ọ̀bẹ àti páálí lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dáwọ́ lé irú iṣẹ́ yìí, ẹ ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé ná. Ẹ ṣe òdiwọ̀n oríkèé kí ẹ tó ṣe ìpín. Kí ẹ sì fi ọ̀dà kan náà kun gbogbo wọn, kí wọ́n lè jọ ọmọ ìyá. Bí ìpín ẹlòmíràn kò bá sì wọ̀, ẹ wò ó ná bóyá páálí kékeré kan ni ó kù sí àárín. Sí ọ̀rẹ́ wa tí ó bi wá léèrè, ìdáhùn wa nìyí: bẹ́ẹ̀ni, ó yẹ àgbà. Ó dìgbà kan ná.