Ohun Tí A Kọ, Ó Yẹ Kí A Rí I Kà

Kì í ṣe ohun tuntun mọ́ kí ọmọ Yorùbá tí ń ṣòwò ní Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ alágbèéká fi owó ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè sọ pé iṣẹ́ ti parí, kí olówó wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó má sì rí i níbẹ̀. Bí ó bá tún un fi ránṣẹ́, owó kan di méjì. Wọn a ní kò ní sùúrù. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ó lè fa èyí ni pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kì í gbé àkọsílẹ̀ wọn lé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lọ́wọ́, kí ó má baà bàjẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parun. Ẹ̀dà méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń tọ́jú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan ni olórí tí ń kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀, àwọn yòókù a sì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí ìbéèrè bá lọ kan ẹ̀dà tí ìròyìn kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èsì àtijọ́ ni yóò fọ̀.

Àwọn kan ń wí pé ìdádúró tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan kò tó ohun à ń pariwo lé lórí. Bí ó bá jẹ́ iye ènìyàn tí ó ka ìròyìn ni, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó àti ìwé ìlera kì í ṣe ohun àfiṣeré.

Ibi ìpamọ́ tí Amazon ń pè ní S3 bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá fi ìwé tuntun rọ́pò ti àtijọ́ níbẹ̀ tún lè bá ti àtijọ́ pàdé. Àwọn oníbàárà ni wọ́n sì ń wá ọgbọ́n dá sí i. Ní oṣù Kejìlá 2020, ilé iṣẹ́ náà tún un ṣe fún gbogbo wọn láìgba owó kún un. Ẹni tí ó kọ́lé ni ó yẹ kí ó dí ibi tí òjò ń gbà wọlé, kì í ṣe àlejò.

Nítorí náà, bí irú àìsàn yìí bá bẹ́ sílẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí onímọ̀ kọ̀ǹpútà bèèrè ni pé: ẹ̀dà wo ni ó dáhùn? Kí ó má ṣe ní kí ẹ̀rọ kàn dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì kí ó tó kà. Ọjọ́ tí èrò bá pọ̀, ìdádúró lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ó lè darí ìbéèrè ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé sọ́dọ̀ olórí. Bí ẹ̀dà bá jẹ́ mẹ́ta, kí méjì gba ọ̀rọ̀ kí a tó sọ pé ó parí, kí a sì bi méjì léèrè nígbà kíkà. Ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn yóò ti gbọ́. Lékè gbogbo rẹ̀, kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí àrántúnrán má baà di ìsanwó ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹni tí ó wà lájò kò lè sáré délé lọ wò bóyá owó dé. Àkọsílẹ̀ ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tí ń ṣètò ẹ̀rọ wọ̀nyí fi èyí sọ́kàn kí wọ́n tó kọ “Ó ti parí” síwájú ẹnikẹ́ni.