Àrokò ni Ohun tí a Gbé Ka Orí Ìtàgé

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, àti ẹ̀yin ará Ìkẹjà òun Agége lápapọ̀, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ìgbà díẹ̀ wá, a sì fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba nínú ìwé wa ti oṣù yìí. Nígbà kan rí, àwíjàre àwọn ẹgbẹ́ òṣèré agbègbè wa ni pé àwọn kò ní gbọ̀ngàn. Àwíjàre náà kò dúró mọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ gbọ̀ngàn eré sí Òrẹ̀gún ní àkókò Gómìnà Akínwùmí Ambọ̀dé, ẹni tí ó wà lórí oyè láti 2015 títí di 2019. Gbọ̀ngàn Blue Roof ti Lagos Television sì wà ní Agídíngbí. Ẹ̀bi tí a fẹ́ sọ kì í ṣe ti gbọ̀ngàn kankan. Ti àwa tí ń gbé eré jáde ni. Bí aṣọ ìtàgé bá ṣí, kí ni òǹwòran ń rí níbi púpọ̀? Àga ńlá méjì aláwọ̀ wúrà, irú èyí tí a ń yá fún ìgbéyàwó, òdòdó oníke, àti ògiri oníná tí ń fi àwòrán hàn. Lórí àga kan náà ni ọba ń jókòó lónìí, lórí rẹ̀ ni oníṣòwò olówó yóò jókòó lọ́la, lórí rẹ̀ náà ni tálákà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ti máa sunkún lọ́túnla.

Kò yẹ kí irú èyí wọ́pọ̀ láàárín ìran tí ó ni àrokò. Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn baba wa a máa fi owó ẹyọ ránṣẹ́ sí ara wọn. Ẹyọ méjì tí ó kọjú sí ara wọn, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà ti dé nìyẹn. Ẹni tí a fi ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí òun. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Kò sí ẹni tí ó la ẹnu, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ti dé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí àpótí, ẹní, ilẹ̀kùn àti fìtílà orí ìtàgé rí. Kí òṣèré tó sọ gbólóhùn kìn-ín-ní, ó yẹ kí òǹwòran ti mọ ìwà onílé, kí ó sì ti fura sí ohun tí eré náà fẹ́ wí.

Àwọn kan yóò wí pé alárìnjó kò lo irú nǹkan wọ̀nyí. Òótọ́ ni. Nígbà tí Hugh Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, wòran eré níwájú Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, ó rí òṣèré tí ó di òjòlá, ó sì rí òmíràn tí ó fi òyìnbó bíi tirẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Agọ̀ ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ààfin gan-an ni ìtàgé wọn. Kí ni wọn ìbá tún máa wá? Ti Hubert Ògúndé náà yé wa. Ó gbé eré ọgbà Édẹ́nì rẹ̀ jáde ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó ní 1944, kò sì pẹ́ tí ó fi ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Ẹrù ẹgbẹ́ alárìnkiri gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀. Nítorí náà ni aṣọ tí a kun àwòrán sí fi wúlò fún irú wọn: a ó ká a nílẹ̀ lálẹ́, a ó sì tún ta á ní ìlú kejì. Ìdí ń bẹ fún ohun tí àwọn wọ̀nyí ṣe. Ìdí wo ni ó wà fún àga wúrà?

Ẹ jẹ́ kí a wo The Lion and the Jewel, eré Wọlé Ṣóyínká, tí a ṣe ní Ìbàdàn ní 1959. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀, igi òdán ńlá ni ó jọba lórí ìtàgé, ògiri ilé-ẹ̀kọ́ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Igi ni ó gba àárín ìlú, ìwé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́: ẹni tí ó ní ojú ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí tíṣà Lákúnlé tó bẹ̀rẹ̀ sí í da òyìnbó bo Sídì lórí. Èyí tí ó wù wá jù ni yàrá Baálẹ̀ Barókà. Awọ ẹran àti ẹní olówó ńlá bo ilẹ̀, ohun ìjà wà lára ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ àjèjì kan, tí ó ní ọ̀pá gígùn, dúró láàárín wọn. Lákúnlé ti ròyìn fún wa ṣáájú bí Baálẹ̀ ṣe fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ yí ojú irin kúrò ní Ilújìnlẹ̀. (Àwa tí ojú irin la ìlú wa kọjá, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896 tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, a mọ ohun tí Ilújìnlẹ̀ pàdánù, a sì mọ ohun tí orí kó o yọ nínú rẹ̀.) Kí wá ni ẹ̀rọ ń ṣe nínú yàrá ọ̀tá ẹ̀rọ? Lẹ́yìn náà ni a tó gbọ́ pé sítáǹpù ni ó fẹ́ fi tẹ̀, àti pé àwòrán Sídì ni yóò wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ti sọ fún wa pé arúgbó náà kò kórìíra ohun tuntun. Ohun tuntun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni ó kórìíra. Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn kúrò, kí ẹ fi àga wúrà dípò rẹ̀, Barókà yóò di arúgbó oníṣekúṣe lásán.

Ẹ̀yin ìjòyè ni ọ̀rọ̀ ààfin orí ìtàgé kàn jù, nítorí ilé yín ni wọ́n ń fi wọ́lẹ̀. Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ọ̀gọ̀gà ní Ìkẹ́rẹ́. Lára òpó kan, ọba jókòó pẹ̀lú adé lórí. Ìyàwó àgbà dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, ó sì ga jù ú lọ fíìfíì. Àwọn èèyàn kéékèèké wà lẹ́sẹ̀ ọba. Òpó náà wà ní ilé ọnà ní Chicago ní Amẹ́ríkà nísinsin yìí. Ẹni tí kò gbọ́ èdè wa rárá, bí ó bá wò ó, yóò mọ̀ pé agbára kan ń bẹ lẹ́yìn ìtẹ́ tí ó gbé ọba ró. Irú òpó bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo, bí a tilẹ̀ fi igi tí kò lówó lórí gbẹ́ ẹ, yóò sọ ju ọgọ́rùn-ún òdòdó oníke lọ.

Kí a sì padà sí àdúgbò wa. Ilé-iṣẹ́ Dunlop bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe táyà ní Ìkẹjà ní àwọn ọdún 1960, ó sì ṣíwọ́ ní 2008. Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ ṣe eré nípa òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ni yóò wà nínú yàrá rẹ̀ ní Agége? Lójú tiwa, aṣọ iṣẹ́ tí a fọ̀ tí a sì lọ̀, tí ó fi ìṣó kọ́ láràárọ̀. Àti bàtà iṣẹ́ kan, tí ìyàwó ti ń kó owó ọjà pamọ́ sí. Aṣọ ń wí pé ọkọ kò tíì gbà pé iṣẹ́ ti tán. Bàtà ń wí pé ìyàwó ti gbà. Ìjà ti wà nínú yàrá náà kí ẹnikẹ́ni tó gbóhùn sókè. Irú eré báyìí ni àwọn èèyàn wa ń fẹ́, nítorí àwọn fúnra wọn ni wọn yóò rí níbẹ̀, kì í ṣe pálọ̀ ẹni tí wọn kò mọ̀.

Kò sí èyí tí ó wọ́n nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Gbẹ́nàgbẹ́nà, ajórin àti aránṣọ kún àdúgbò wa. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé Ọ̀mùtí jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, Demas Nwoko, ọ̀gá oníṣẹ́ ọnà, ni ó ṣe ètò ìtàgé náà. A kò fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń ya àga. Ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ ka eré ni kí a ti pe oníṣẹ́ ọnà jókòó, kì í ṣe nígbà tí eré bá ku ọ̀la. Ẹ̀yin ọlọ́lá tí a ń gbé ìwé ìrànlọ́wọ́ wá bá, kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ bi olórí ẹgbẹ́ léèrè ohun tí yóò gbé ka orí ìtàgé, àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ nípa ẹni tí ó ni ín nínú eré. Bí kò bá rí èsì fọ̀ nípa àga méjì yẹn, ẹ yọ owó àga kúrò, kí ẹ fún gbẹ́nàgbẹ́nà.