Àwọsánmà Àgùàlà àti Iṣẹ́ Olùkọ́

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo gbà pé òwe yìí kan àwa tí a fẹ́ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ: ohun tí ojú rí láti òkèèrè kò tí ì di ìmọ̀.

Àgùàlà kì í tilẹ̀ ṣe ìràwọ̀ ní tòótọ́. Ayé olókùúta ni, títóbi rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ayé wa dọ́gba. Àwọsánmà ni ó bò ó yí ká, tí ó ń dá bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi ń tàn bẹ́ẹ̀ lójú wa. Ní 1918, Svante Arrhenius, ọ̀mọ̀wé ará Súwídìn tí ó ti gba ẹ̀bùn Nobel ní 1903, rò pé níbi tí àwọsánmà bá ti pọ̀ tó báyìí, omi kò lè ṣàì pọ̀. Ó sì kọ ọ́ pé àbàtà àti ewéko ni ó kún ibẹ̀. Èrò náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tí ì rí abẹ́ àwọsánmà náà.

Ní 1962, Mariner 2, ọkọ̀ òfúrufú Amẹ́ríkà tí ènìyàn kò sí nínú rẹ̀, kọjá lẹ́bàá Àgùàlà, ó sì wọn ooru rẹ̀. Ní 1970, Venera 7 ti àwọn ará Rọ́ṣíà gúnlẹ̀ síbẹ̀. Nígbà náà ni òtítọ́ hàn gbangba. Omi a máa hó ní ìwọ̀n 100 Celsius. Ilẹ̀ Àgùàlà gbóná tó 465, òjé yóò yọ́ níbẹ̀. Irú afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta ni ó kún ibẹ̀, ó sì sé ooru mọ́ ilẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Àwọsánmà náà kì í ṣe ti omi bí tiwa: ásíìdì imí ọjọ́ ni, irú èyí tí ń bẹ nínú bátìrì ọkọ̀. Òjò rẹ̀ a máa bọ́ láti òkè, ṣùgbọ́n ooru a gbẹ ẹ́ kí ó tó kan ilẹ̀. Ìjì a máa gbé àwọsánmà náà yí Àgùàlà ká ní bí ọjọ́ 4, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ kò yára ju ẹni tí ń rìn jẹ́jẹ́ lọ.

Ẹlòmíràn lè wí pé, Kí ni ọmọ àgbẹ̀ fẹ́ fi ojú ọjọ́ Àgùàlà ṣe? Mo dáhùn pé, kò ní gbin iṣu níbẹ̀, ṣùgbọ́n yóò kọ́ láti ya ohun tí a rí, ohun tí a rò, àti ohun tí a ti wọ̀n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ tí kò kọ́ ju àkọ́sórí lọ yóò gba ohunkóhun tí a bá kọ sí pátákó gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni yóò gba ọ̀rọ̀ oníjìbìtì gbọ́ lọ́jà.

Nítorí náà, bí a bá dúró níwájú kíláàsì, ẹ jẹ́ kí a máa sọ bí a ti ṣe mọ ohun tí à ń kọ́ni, kí a sì pe àbá ní àbá. Bí ọmọ kan bá dìde bèèrè pé, "Olùkọ́, báwo ni a ṣe mọ̀?" kí a má ṣe kà á sí àfojúdi. Ọ̀mọ̀wé ńlá rò, kò rí i bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ kékeré kò gbọdọ̀ bínú sí ìbéèrè.