Ààlà Ilẹ̀ Ẹ̀gbá Kì í Gbé Ojú Fóònù

Ní Òkè-Mọsàn ní Abẹ́òkúta, níbi tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn fi ṣe ibùjókòó, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti kúrò nínú fáìlì nìkan, ó ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ìjọba Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún ló gbé ètò tí wọ́n ń pè ní OLARMS kalẹ̀, kí ẹni tó ń wá ìwé ilẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun rere ni. Kò sí ẹni tó rántí bí fáìlì ṣe máa ń sọnù láàárín tábìlì méjì tí yóò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá ayé ìgbà náà padà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà Òkè-Mọsàn kò mọ ilẹ̀. Ohun tí awọnlẹ̀ bá kó wá láti oko nìkan ló mọ̀, àárín oko àti ọ́fíìsì sì ni jàǹbá ń gbé.

Awọnlẹ̀ òde òní kì í fa ṣéènì mọ́. Ẹ̀rọ tó ń gba ìró láti ara sátẹ́láìtì ló gbé lé orí ọ̀pá, áàpù kan sì wà lórí fóònù tàbí ẹ̀rọ alágbèéká lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń kọ gbogbo ojú ààlà sílẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi àrà tuntun kún àwọn áàpù wọ̀nyí. Wọ́n lè ya ìlà ààlà bí awọnlẹ̀ ti ń rìn, wọ́n lè so fọ́tò òpó sìmẹ́ńtì mọ́ ojú ibi tí wọ́n rì í sí, ikọ̀ méjì lè ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀gá tó wà ní ọ́fíìsì sì máa wo gbogbo rẹ̀ bó ti ń lọ. Gbogbo rẹ̀ ń wọ inú kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn kan, èyí tí àwọn òyìnbó fi ìkùukùu sọ lórúkọ, bí ẹni pé kò ní ilé, tí kò sì ní olówó. Àwọn tó ń tà á kò purọ́ nípa ohun tó lè ṣe. Ohun tí wọn kò tẹnu mọ́ ni pé nẹ́tíwọ̀kì ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó bá ti wọ inú oko lọ́hùn-ún Ọ̀dẹ̀dá tàbí Ìmàlà mọ̀ pé nẹ́tíwọ̀kì kì í dúró sójú kan níbẹ̀. Bí ikọ̀ méjì bá gbé iṣẹ́ kan náà jáde láàárọ̀, tí nẹ́tíwọ̀kì sì lọ, ẹ̀dà méjì ni iṣẹ́ náà dà látìgbà náà. Ikọ̀ kíní lè pe igun kan ní 12, kí ikọ̀ kejì pe igun mìíràn ní 12 pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n bá padà dé Kútọ̀ lálẹ́, tí nẹ́tíwọ̀kì sì gbà wọ́n, áàpù gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan. Òmíràn nínú wọn ń fi èyí tó dé gbẹ̀yìn bo èyí tó ṣáájú mọ́lẹ̀, láìpariwo. Òmíràn ń dá iṣẹ́ dúró, á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó ní ọ́fíìsì pé èwo ni òótọ́, ẹni tí kò sì dé oko rí ni yóò dájọ́. Lẹ́yìn náà, àmì aláwọ̀ ewé yóò yọ lójú fóònù pé iṣẹ́ ti parí. Ohun tí àmì yẹn ń sọ kò ju pé ẹrù ti dé lọ. Kò sọ pé ẹrù náà pé.

Ti nẹ́tíwọ̀kì tó lọ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ń gba àtúnṣe láti ibùdó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ìwọ̀n wọn tó lè péye dé sẹ̀ǹtímítà. Bí àtúnṣe náà bá já, ẹ̀rọ kì í dákẹ́. Á ṣì máa fún awọnlẹ̀ ní nọ́ńbà, àmọ́ nọ́ńbà tó lè fi mítà mélòó kan ṣìnà. Ọ̀rọ̀ kékeré kan lójú ẹ̀rọ ló máa yí padà. Ọmọṣẹ́ tí oòrùn ń pa, tí ebi sì ń pa, kò ní rí i.

Síbẹ̀, àṣìṣe tó burú jù kò nílò kí nẹ́tíwọ̀kì lọ rárá. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni àwọn awọnlẹ̀ Nàìjíríà ti ń fi ìpìlẹ̀ kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Mìńná ka gbogbo ìwọ̀n wọn. Sátẹ́láìtì kò mọ Mìńná. WGS 84, ìpìlẹ̀ gbogbo àgbáyé, ni ó ń lò. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá lé ní 50 mítà. Pulọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tà kiri, 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120, kò ju bíi mítà 18 sí 37 lọ. Bí ẹ̀rọ inú oko bá ń lo ọ̀kan, tí iṣẹ́ tó wà ní ọ́fíìsì sì ń lo èkejì, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣe ìyípadà tó yẹ, ilẹ̀ oní-ńlẹ̀ lè fò kọjá ti aládùúgbò rẹ̀ kó lọ bà sórí ti ẹni kẹta. Áàpù kò ní ráhùn. Ohun tó wà lóko àti ohun tó wà ní ọ́fíìsì yóò bára mu rẹ́gí, wọn yóò sì jọ ṣìnà. Láyé ìwé, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ á jókòó sórí ìwé kan ṣoṣo. Lónìí, ìṣẹ́jú kan tó fún un láti dé ibi gbogbo.

Àwọn kan yóò ní nẹ́tíwọ̀kì ló jẹ̀bi. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun gé lẹ́bàá Abidjan, iṣẹ́ sì dẹnu kọlẹ̀ ní báǹkì àti ọ́fíìsì káàkiri Nàìjíríà. Ẹni tó rí èyí, tó sì tún kọ́ ilé ẹ̀rí ilẹ̀ rẹ̀ sórí nẹ́tíwọ̀kì nìkan, kò lè fi ẹ̀bi náà ru òkun. Àwọn mìíràn yóò ní àìbìkítà awọnlẹ̀ ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn awọnlẹ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí SURCON fúnra wọn ń pariwo lórí àwọn ayédèrú tó ń wọnlẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n áàpù tó ń fi ẹ̀dà kan bo èkejì mọ́lẹ̀ láìsọ kò mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ẹni tí kò mọ áàpù yàtọ̀ sí àpò? Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ló fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà. Láti ìgbà tí àwọn Ẹ̀gbá ti tẹ Abẹ́òkúta dó lábẹ́ Ṣódẹkẹ́ ní 1830, pèrègún, odò àti ẹnu àgbà ni àwọn ẹbí fi ń mọ ààlà oko wọn. Nísinsìnyí, ìwé tó bá ti Òkè-Mọsàn jáde lè borí pèrègún. Herbert Macaulay mọ agbára yìí dáadáa. Awọnlẹ̀ ni kí ó tó di olóṣèlú: ó kọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1890 sí 1893, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní Èkó ní 1898, ó sì wà lẹ́yìn Olóyè Àmọ́dù Tìjání títí ìgbìmọ̀ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù fi dá ẹjọ́ ilẹ̀ Apápá ní 1921. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin ní 2016 láti bá àwọn tó ń fi ipá gba ilẹ̀ wí. Àgbẹ̀ tó bá jí lọ́jọ́ kan tó bá oko rẹ̀ lórúkọ ẹlòmíràn kò rí ẹni tó gbé àdá; ta ni yóò mú?

Ìlú Rwanda kò dúró de nẹ́tíwọ̀kì. Láàárín 2009 sí 2013 wọ́n fi ààlà sí ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 10. Wọ́n tẹ àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà láti òfuurufú sórí ìwé, wọ́n kó aládùúgbò jọ sójú ààlà, wọ́n fi gègé fà á níṣojú gbogbo wọn, wọ́n sì pa á mọ́ sí gbangba kí ẹni tó ní àríyànjiyàn lè sọ tirẹ̀. Ètò náà ní ìṣòro tirẹ̀, pàápàá bí àwọn ènìyàn ti ń ta ilẹ̀ lẹ́yìn náà láìforúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò fi àmì aláwọ̀ ewé rọ́pò aládùúgbò.

Ọwọ́ Òkè-Mọsàn ni àtúnṣe wà, kò sì gba owó ńlá. Kí ọ́fíìsì tó ń rí sí ìwọnlẹ̀ má ṣe gba àwòrán tó ti parí nìkan. Kí ó gba àkọsílẹ̀ inú oko bí ẹ̀rọ ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú àkókò àti ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi ka ìwọ̀n náà. Kí áàpù tí kò lè ṣiṣẹ́ pé láìsí nẹ́tíwọ̀kì má ṣe wọ oko ìjọba. Kí wọ́n lẹ àwòrán ilẹ̀ mọ́ ara ògiri ní abúlé tí ilẹ̀ náà wà fún ọjọ́ mélòó kan, kí aládùúgbò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fọwọ́ sí i, kí ìwé tó jáde. Àti pé kí awọnlẹ̀ tó kúrò lóko, kí ó fi nọ́ńbà igun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lórí bébà lọ́wọ́ onílẹ̀, kí ó sì bu ọwọ́ lù ú.