Ṣọ́ọ̀ṣì Wo Lẹ Ti Wá?

Ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára tipẹ́. Ní àdúgbò wa ní Ìkòròdú, ṣọ́ọ̀ṣì márùn-ún ló wà ní òpópónà kan ṣoṣo. Lóru ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn a máa bára wọn jà bí àgbò tó ń kàn.

Ẹ̀rọ wá gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọ kan tó ń ṣiṣẹ́ káṣúà ní ilé-iṣẹ́ kan ní Odóńgunyán. Wọ́n fún un ní owó tí kò ra oògùn tán, wọ́n ní kó máa lọ. Èmi àti ìyá rẹ̀ tọ àwọn pásítọ̀ lọ pé kí wọ́n jọ bá wa dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ibẹ̀. Ọ̀kan ní ọmọ náà kì í ṣe ọmọ ìjọ òun. Èkejì ní òun kò lè bá Aládùúrà rìn. Ẹ̀kẹta gbàdúrà gígùn, ó sì ṣílẹ̀kùn fún wa. Ẹnì kan ṣoṣo tó tẹ̀ lé wa, Mùsùlùmí ni, bàbá télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Ní géètì, mégáàdì bi wá pé, “Ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ ti wá?” Kí ni kí n sọ?

Ọmọ náà ti padà sí Ẹ̀pẹ́. Ó ń fi ìka méjì to ẹja fún ìyá rẹ̀ lọ́jà Olúwo.

Ẹ má sọ fún mi pé ìṣọ̀kan kò ṣeé ṣe. Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian ilẹ̀ wa ti dá ọjọ́ kan rí: 11 oṣù Kejìlá, 1965, ni wọn ì bá di ìjọ kan. Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n sún un síwájú. Títí dòní, síwájú náà ló wà! Kì í kúkú ṣe ọ̀rọ̀ Bíbélì nìkan. Ta ni yóò ni ilé, ta ni yóò jẹ oyè, ó wà níbẹ̀. Gúúsù Íńdíà ṣe tiwọn ní 1947, ọ̀run kò wó.

Wọn a ní, CAN ńkọ́? Òótọ́ ni, láti 1976 ló ti wà, Kàtólíìkì àti Pẹ́ńtíkọ́sì ń jókòó pọ̀ níbẹ̀. Bí ìjọba bá fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ẹ ó gbọ́ ohùn wọn ketekete. Mo yìn wọ́n. Owó ọmọ Odóńgunyán ńkọ́? Ilẹ̀ àgbẹ̀ lójú ọ̀nà Lẹ́kìí sí Ẹ̀pẹ́ ńkọ́?

Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, 18 sí 25 oṣù Kìíní ni Ọ̀sẹ̀ Àdúrà fún Ìṣọ̀kan. Ẹ yọ̀ǹda ọjọ́ kan níbẹ̀, kí gbogbo yín wọ aṣọ oyè yín, ká jọ lọ sí géètì yẹn. Mo mọ ọ̀nà.