Bí Ẹ Bá Pàdé Ìjàpá Ní Etí Òkun

 

Ní ọjọ́ kejì ọdún Iléyá tí ó kọjá, àwọn ìdílé kan ní mọ́sáláṣí wa ní Àgídìngbì kó àwọn ọmọ wọn lọ gbafẹ́ ní etí òkun. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa wá bá mi, ó ní: “Ààfáà, wọ́n gbé ìjàpá ńlá kan kalẹ̀ fún títà. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ọmọ ní kí n rà á, kí a dá a padà sómi. Èmi kò rà á. Ṣé mo jẹ̀bi?”

Mo ní: “Alhájà, ẹ kò jẹ̀bi. Omijé yẹn kì í ṣe ẹkún; iyọ̀ òkun ni ó ń gba ojú rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá sì rà á, ẹni tí ó tà á yóò tún wá òmíràn lọ.”

Ìjàpá òkun kì í mí nínú omi bí ẹja. Àwọn tí ń gbé afẹ́fẹ́ pọ̀n mòòkùn lọ sísàlẹ̀ òkun máa ń rí i níbi tí ó ti ń jẹ koríko omi, tí yóò sì gòkè lọ mí. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ nínú wọn kì í fọwọ́ kàn án, kì í sì í dí ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọ̀n bá mú un, tí kò lè gòkè, yóò kú sómi bí ènìyàn.

Ooru ayé náà ń bá a jà. Inú iyanrìn ni abo ń yé sí, bí ẹyin 100 lẹ́ẹ̀kan. Bí iyanrìn bá gbóná kọjá nǹkan bí digírì 29, abo ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yóò jẹ́. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ròyìn pé ní apá àríwá Great Barrier Reef ní Ọsirélíà, nínú 100 ọmọ ìjàpá òkun, 99 ni abo. Ẹ̀yin ìyá mi, bí gbogbo ọmọ àdúgbò bá jẹ́ obìnrin, ta ni yóò fẹ́ wọn?

Oríṣi 5 ni ó wà nínú òkun Nàìjíríà. Ní Èkó, ẹgbẹ́ Greenfingers ti Chinedu Mogbo ń fún àwọn apẹja ní ohun tí wọn yóò fi tún àwọ̀n wọn ṣe, kí wọ́n lè fi ìjàpá sílẹ̀. Èyí dára, nítorí ìjàpá a máa fa àwọ̀n ya, apẹja náà sì ní ọmọ tí yóò bọ́.

Iṣẹ́ tiwa ń bẹ nílé. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ọmọ wa sọ sí gọ́tà yóò dé odò, yóò dé ọ̀sà, yóò sì dé òkun. Ìjàpá yóò rò pé oúnjẹ ni, yóò gbé e mì, yóò sì dí i nífun.

Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ má rà á, ẹ má kó ẹyin rẹ̀, ẹ má sì gbé ọmọ gùn ún lẹ́yìn fún fọ́tò. Ẹ kó ọ̀rá yín padà wálé.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.